Okùn Ikọ́ Ìye Àgbà

Ní ilé àwọn ẹlòmíràn, bí àlejò bá dé, "ẹ kú àbọ̀" ni wọ́n fi ń pàdé rẹ̀. Ní ilé ìyá tó bí ìyá mi, ìbéèrè ni. Ọkọ̀ ojú omi yín kò ní tíì fara kan òpó ilé tí ẹ ó ti rí orí wọn tó yọ lójú fèrèsé, gèlè á ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á na ìka sí yín láti òkè pé, "Ṣé ẹ ń húkọ́?" Bí ẹ bá ní rárá, wọ́n á ní kí ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ kí àwọn gbọ́ bí ọ̀fun yín ṣe rí. Ojú mi ló ṣe nígbà tí alàgbà ìjọ kan dúró nínú ọkọ̀, tó kọ ẹsẹ orin kan parí tòun ti ègbè rẹ̀, kí wọ́n tó ní kó máa gun àkàbà bọ̀. Nígbà tó wọlé tán, wọ́n gbé ẹja yíyan tó dára jù nínú ilé síwájú rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé ohùn rẹ̀ dùn.

Ìye Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n, nítorí ìye ni à ń pe ìyá ní ọ̀dọ̀ wa ní Ìlàjẹ. Ẹja ni wọ́n ń yan tà, ní abúlé wa tí kò jìnnà sí Abẹ́rẹ́kẹ́, níbi tí a ti ń gbọ́ ìró òkun lẹ́yìn ilé, tí omi sì ń gba ìsàlẹ̀ ilé kọjá. Wọ́n fi wá sílẹ̀ lọ́dún yìí. Oorun ni wọ́n sùn tí wọn kò jí mọ́, kì í ṣe ikọ́. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, torí bí ó bá ṣe pé ikọ́ ló gbé wọn lọ, mo mọ̀ pé wọn ìbá bínú dé ọ̀run. N kò ní sọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ti sọ ọ́ níbi ìsìnkú, ó sì gùn. Okùn kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ṣe fún èmi àti ọmọ mi nítorí okùn náà.

Kí ọ̀rọ̀ okùn yìí tó lè yé ẹni tí kì í ṣe ará odò, mo ní láti kọ́kọ́ sọ nípa omi wa. Ó máa ń yí padà lọ́dọọdún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọ inú odò wa, gbogbo rẹ̀ á di oníyọ̀. Bí òjò bá wá rọ̀ dáadáa, òjò á lé omi òkun padà, odò á dùn, ọṣẹ á sì tún máa hó tí a bá ń fọṣọ. Láràárọ̀ ni Ìye Àgbà máa ń ti ìka bọ omi, tí wọ́n á fi kan ahọ́n. Wọn kò mọ̀wé, wọn kò sì ní kàlẹ́ńdà. Okùn àwọ̀n gígùn kan ni wọ́n so mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí omi bá dùn, wọ́n á so pákó kékeré kan mọ́ okùn náà, irú èyí tó ń mú àwọ̀n léfòó. Lọ́jọ́ tí iyọ̀ bá padà, wọ́n á so ìkarahun ìṣáwùrú kan mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí, gbogbo ikọ́ tó bá wọ ilé, ti ọmọdé ni o, ti àgbà ni o, kókó kan ni wọ́n ń ta fún un.

Ẹ lè di ojú yín kí ẹ fi ìka ka ọdún lára okùn yẹn. Láti ibi pákó dé ibi ìkarahun, kókó pọ̀ níbẹ̀ débi pé okùn náà rí gbágungbàgun lọ́wọ́. Tí ẹ bá kọjá ìkarahun, yóò tún rí díẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ tó wà ní ìlú ńlá bá wálé wá ṣọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, okùn á máa yọ̀ lọ geere, kókó kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, títí a ó fi tún kan pákó. Bí ó ṣe rí nìyẹn lọ́dún dé ọdún, láti ìgbà tí a kò tíì bí ìyá mi.

Mo bi wọ́n nígbà kan, nígbà tí mo ṣì kéré, pé kí ló mú wọn bẹ̀rẹ̀. Ẹja ni wọ́n ń tò sórí ààrò, wọn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní àwọn bí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ikọ́ sì mú un lọ kó tó mọ ìjókòó. Àwọn ará ilé ọkọ wọn ní ọyẹ́ ló wọ̀ ọ́ láyà, pé kí wọ́n má sunkún mọ́. Ìye Àgbà yí ẹja kan padà, wọ́n tún yí òmíràn. Wọ́n wá sọ pé, "Ọyẹ́ kè, ọma mi? Òjò ti ń rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́jọ́ tí a sin ín."

Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gba ohunkóhun gbọ́ láì bi í ní ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé mi. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ ìlera lókè, ní ìlú orí ilẹ̀, mo sì padà sílé pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó ti ka ìwé tó nípọn. Nínú ìwé náà, àwòrán kan wà tó fi hàn pé ikọ́ àyà máa ń gòkè nígbà òtútù, á sì lọ sílẹ̀ nígbà ooru. Mo jókòó ti Ìye Àgbà, mo ṣàlàyé fún wọn pé nígbà ọyẹ́ ni kí wọ́n máa ṣọ́ra, pé ìgbà òjò kò ní wàhálà kankan. Wọ́n gbọ́ mi parí. Wọ́n dìde, wọ́n tú okùn wọn sílẹ̀ lára ìṣó, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Nọ́ọ̀sì," wọ́n ní. Orúkọ tí wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. "Ẹni tó kọ ìwé yẹn, níbo ló ń gbé?"

Mo ní ìlú òyìnbó ni.

"Ṣé omi ghan lọ́hùn-ún máa ń dùn?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní omi kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, Ìye Àgbà. Wọ́n gba okùn wọn padà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e kọ́. "Mi éè bá ìwé rẹ jà," wọ́n ní. "Ibi tó jókòó sí kọ ọ́ ni mò ń bèèrè."

Ẹ má rò pé wọn kì í ṣe àṣìṣe o. Wọ́n ń ṣe é, orí wọn sì le. Àdí ni wọ́n fi ń pa gbogbo àyà tó bá ń dùn, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ìrẹsì nígbà tó bá ń húkọ́, ìdí rẹ̀ kò sì yé mi títí di òní. Ìjà tó gùn jù láàrin àwa méjèèjì ni ti èéfín. Inú ilé kan náà tí a ń sùn sí ni wọ́n ti ń yan ẹja nígbà òjò, mo sì sọ ọ́ títí pé èéfín yẹn ń ba àyà ọmọdé jẹ́, pé ó ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́. Wọ́n ní èéfín ló tọ́ ìyá mi, òun ló tọ́ èmi náà, òun ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti wá ń bú u. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi dá mi lóhùn dáadáa. Ọjọ́ kan ni mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá ààrò níta, lórí pákó ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì ti fi páànù kan bò ó lórí. Ìgbà tí a ń jẹun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wò mí pé, "Ìwọ náà mọ nǹkan kan ṣá."

Èyí tí wọ́n mọ̀ ju gbogbo wa lọ ni ọ̀rọ̀ òjò. Àwọn ìyá yòókù lábúlé, bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á máa fi ariwo pe ọmọ wọn wọlé kí ikọ́ má baà mú wọn. Ìye Àgbà, wọ́n á bọ́ aṣọ lọ́rùn wa, wọ́n á lé wa jáde kí a lọ wẹ̀ nínú òjò. Bí a bá wọlé padà tí a lọ sún mọ́ ọmọ ìyá wa kan tó ń húkọ́ nínú yàrá, ìgbà náà ni ẹ ó rí ìbínú wọn. Nígbà òjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ, gbogbo ilé ló máa ń kó ara wọn jọ sí yàrá kan, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á máa mí sí ara wọn lójú. Ìye Àgbà nìkan ló ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ tí òjò fi ń rẹ ẹní. Ìyá mi bínú sí wọn lórí ẹní kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó ní afẹ́fẹ́ òjò yóò fi ikọ́ ṣe wá. Wọ́n ní, "Òjò kì í húkọ́. Èèyàn ló ń húkọ́."

Ọdún tí gbogbo ayé ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí ọjà dúró, tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kò lọ sí Ìgbókòdá mọ́, ikọ́ náà dé ní ìgbà tí okùn wọn máa ń yọ̀ geere. Omi ṣì ní iyọ̀, ọyẹ́ ti lọ. Àwọn aládùúgbò wá fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní okùn yín kò sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo rò pé inú yóò bí wọn. Wọ́n kàn ta kókó síbi tí kókó kì í ti í sábà wà, fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n ní, "Ohun tí okùn bá ti rí ló ń sọ. Kò bá ikọ́ mulẹ̀."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ sí i láti ìgbà yẹn. Mo ti rí i pé àwọn onímọ̀ náà ń sọ pé ní àwọn ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ọ̀pọ̀ àwọn kòkòrò àìrí tó ń fa ikọ́ àti òtútù àyà ni wọ́n máa ń pọ̀ nígbà òjò, pé kò rí bákan náà níbi gbogbo, pé ọdún kan lè yàtọ̀ sí èkejì, pé kòkòrò tuntun kì í dúró de ìgbà kankan. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Mo ka èyí sí Ìye Àgbà létí. Wọ́n ní kí n kí wọn fún àwọn.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ mi, tí mo bí kí n tó ka gbogbo ìwé wọ̀nyí.

Oṣù rẹ̀ kò tíì pé nígbà tí mo bí i. Ó kéré débi pé ẹ̀rù ń ba ọkọ mi láti gbé e, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, kò lè pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ilé Ìye Àgbà ni mo wà, èmi àti ìyá mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so pákó mọ́ okùn ni. Omi ti dùn, òjò kò dáwọ́ dúró. Ìye Àgbà ló fún ọmọ náà ní oríkì kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ: Àbẹ̀ní. Wọ́n sì sọ fún mi pé ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ènìyàn márùn-ún péré ni yóò gun àkàbà. Àwọn yòókù á jókòó sínú ọkọ̀ wọn.

Ìjà ńlá ni. Mo sunkún. Ọmọ mi àkọ́kọ́ ni, mo sì ṣì ní ìwé mi lórí: mo ní ọyẹ́ ṣì jìnnà, kí ni à ń bẹ̀rù? Wọn kò yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkọ̀ yí ilé ká, àwọn ènìyàn ń kọrin láti inú omi, à ń fi okùn sọ oúnjẹ kalẹ̀ sí wọn nínú garawa. Àwọn kan gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò gbádùn rẹ̀ ni Bàbá Kékeré, àbúrò Ìye Àgbà, tí ilé wọn kọjú sí tiwa ní òdìkejì odò. Wọ́n fẹ́ gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí kí wọ́n súre fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ń húkọ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Èmi tí mo gbé ìyá rẹ̀ jó!" Bàbá Kékeré kígbe láti inú ọkọ̀. "Èmi ni ẹ ní kí n jókòó sínú omi bí ẹni tó wá ta ẹ̀pà?"

"Gbàdúrà láti ibẹ̀," Ìye Àgbà dá wọn lóhùn láti ojú fèrèsé. "Ọlọ́run éè dití."

Bàbá Kékeré tukọ̀ wọn lọ láì fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọn kò kí ẹ̀gbọ́n wọn mọ́.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn ìyẹn, mo jí láàárọ̀, mo gbọ́ ikọ́ kan ní ẹ̀yìn ilé níbi ààrò. Ó dákẹ́. Ó tún wá. Ohùn Ìye Àgbà ni. Kí n tó gbé Àbẹ̀ní kalẹ̀, wọ́n ti wá síbi okùn, wọ́n ti ta kókó ti ara wọn. Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ká ẹní. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, pé mi ò ní sún mọ́ wọn. Ilé wọn ni, àwọn ni wọ́n fi ẹja yíyan kọ́ ọ. Wọ́n ń fi aṣọ bo ẹnu, wọ́n dúró jìnnà sí mi, wọ́n ní, "Nínú ulé yìí, afẹ́fẹ́ kan náà la jọ ń mí." Wọ́n gbé ẹní àti ìkòkò kan sínú ọkọ̀, wọ́n fi àjẹ̀ tu ara wọn kọjá sí òdìkejì.

Mo dúró lójú fèrèsé, mo rí gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ wọn kò tíì kan òpó ilé Bàbá Kékeré tí Bàbá ti yọ orí síta. Wọ́n na ìka.

"Ṣé ẹ ń húkọ́?"

Ìye Àgbà gbé ojú sókè. "Mò ń húkọ́."

Bàbá Kékeré ká ìka náà padà. "Ẹ máa bọ̀," wọ́n ní. "Èmi náà ń húkọ́." Wọ́n sì sọ àkàbà sílẹ̀.

Bí àwọn àgbà méjì náà ṣe parí ìjà nìyẹn, tí ikọ́ ń bá ikọ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé kan. Láràárọ̀, bí ojú bá ti mọ́, Ìye Àgbà á jáde sórí pákó iwájú ilé, wọ́n á ké sí wa lórí omi pé, "Àbẹ̀ní o! Àbẹ̀ní!" A ti jọ ṣe àdéhùn kan. Bí ọmọ náà bá sùn dáadáa, èmi á na ìlédìí rẹ̀ funfun kan sókè lójú fèrèsé. Mo máa ń gbọ́ ohùn Bàbá Kékeré lẹ́yìn wọn: "Ó ti nà án. Ọmọ náà sùn dáadáa. Ẹ wá jẹun." Ẹ̀gbọ́n wọn kì í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n fún ní oríkì, tí wọn kò lè gbé, bí aṣọ funfun lójú fèrèsé ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Àbẹ̀ní lé ní oṣù kan díẹ̀, wọ́n wá pè mí sí ilé ìlera abúlé wa. Ẹni tó ń di ipò mi mú ti wó lulẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ kan náà, àwọn ìyá sì tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ tó ń mí gùlegùle. Mo gbé ọmọ mi fún ìyá mi, mo lọ. Ọjọ́ kan péré ni. Mo bo imú, mo fọ ọwọ́ títí awọ ọwọ́ mi fi gbẹ. Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ kan húkọ́ sí mi lójú bí mo ṣe ń gbé etí lé e láyà. Mo nu ojú, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ọjọ́ kẹta, ọ̀fin-ìn-kìn mú mi, mo sọ fún ara mi pé kò tó nǹkan. Mo ń fún ọmọ mi lọ́mú pẹ̀lú rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan dé tí Àbẹ̀ní kò fẹ́ mu ọmú. Igbáàyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí. Mo gbọ́ tí Ìye Àgbà ń ké sí i lórí omi, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì lè na ìlédìí kankan. Ìyá mi sáré pe ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì pé kó gbé wa dé Ìgbókòdá. Ojú ọ̀nà wa gba iwájú ilé Bàbá Kékeré kọjá. Ìye Àgbà, tí ikọ́ wọn kò tíì lọ tán, wà lórí pákó, wọ́n ti rí wa. Ọlọ́kọ̀ dẹ ẹ́ńjìnnì, ó rò pé wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ bá wa, torí ẹsẹ̀ wọn kan ti wà ní etí pákó. Wọ́n fi apá méjèèjì gbá òpó ilé mú bí ẹni tí ìjì fẹ́ gbé. Omijé ń dà lójú wọn. Wọ́n ń sọ fún mi pé, "Má jẹ́ kí n sún mọ́ ọn, ọma mi. Sọ fún ọlọ́kọ̀ kó máa lọ. Má jẹ́ kí n sún mọ́ ọn."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a lò nílé ìwòsàn, afẹ́fẹ́ ń gba imú ọmọ mi wọlé láti inú rọ́bà. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ sọ fún mi pé bí ó bá jẹ́ pé ikọ́ yìí ti mú un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, nígbà tó ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Mo ronú nípa ọkọ̀ tó yí ilé wa ká lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo ronú nípa Bàbá Kékeré àti ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìye Àgbà gbà fún wa, wọ́n fi ìjà gbà á, wọ́n fi ilé wọn gbà á. Èmi tí mo kàwé ni mo gbé ikọ́ wọlé.

Nígbà tí a padà dé, ọ̀fun Ìye Àgbà ti mọ́, wọ́n ti padà sílé wọn. Wọn kò tíì gba ọmọ lọ́wọ́ mi tí wọ́n fi lọ síbi okùn láti ta kókó ti Àbẹ̀ní. N kò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Ìye Àgbà, èmi ni. Ẹ sá kúrò nílé yín nítorí ọmọ yìí, èmi ni mo lọ gbé ikọ́ wá fún un."

Wọ́n ń ta kókó lọ. "Kókó ni mò ń ta," wọ́n ní. "Kókó éè ní orúkọ."

Wọ́n wá jókòó tì mí, wọ́n sì sọ ohun tí wọn kò sọ fún ìyá mi pàápàá. Wọ́n ní nígbà tí ọmọkùnrin àwọn kú nínú òjò ọjọ́sí, àwọn ló ti kọ́kọ́ ń húkọ́. Ọjà ni àwọn ti kó o. Àwọn ará ilé ní ọyẹ́ ni, àwọn náà dákẹ́, nítorí ọyẹ́ rọrùn láti dá lẹ́bi. Ó pẹ́ kí àwọn tó lè fọwọ́ kan okùn. Nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀, àwọn pinnu pé ìgbà ni àwọn yóò máa kà, àwọn kò ní ka ènìyàn. Wọ́n na ọwọ́. "Gbé e fún mi nísinsìnyí," wọ́n ní, "ọ̀fun mi ti mọ́." Mo gbé ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dúpẹ́, n kò sì rí ìgbà tí yóò tó.

Àbẹ̀ní ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí. Ó mọ ìtàn ìlédìí náà dáadáa, òun ló máa ń ní kí n tún un sọ. Níbi ìsìnkú Ìye Àgbà ló ti kọ́kọ́ gbọ́ oríkì wọn, Àríkẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò fi pè wọ́n mọ́ láti ìgbà tí àwọn àgbà wọn ti tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, mo ń gbá ilé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí pákó iwájú ilé. Ó kọjú sí odò, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

"Àríkẹ́ o! Àríkẹ́!"

Ìyá mi fẹ́ bá a wí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ṣe ń pe àgbà. Mo di ìyá mi lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà tún ké. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ilé Bàbá Kékeré ṣí ní òdìkejì, Bàbá rọra jáde tòun ti ọ̀pá. Wọ́n wo ọmọ náà lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n fi ọ̀pá ti ògiri, wọ́n bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ọrùn wọn, wọ́n sì nà án sókè.

Àbẹ̀ní yí padà sí mi. "Màmi," ó ní, "Ìye Àgbà sùn dáadáa."